Ilé Tí Ààrẹ Ṣèlérí

Ìkọ̀tún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ìyàwó Lásísì pè mí sí pálọ̀ wọn pé kí n wá wo Ààrẹ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀: ogun ti parí, àtúnṣe ìlú ló kàn, kí wọ́n ṣòfin tí opó sójà kọ̀ọ̀kan yóò fi nílé.

"Ìyá Kúnlé, ẹ ti di onílé nìyẹn!" Ó dì mọ́ mi. "Àwa ṣì ń gbé ilé onílé jàre."

Ó ń jowú mi!

Lásísì, tí òun àti ọkọ mi jọ lọ sójú ogun, jókòó tì í, ó ń bó ọsàn fún un. Ó na ọ̀kan sí mi. Mo ní eyín ń dùn mí.

Ilé kẹ̀? Kí wọ́n gbà á. Ọlọ́run, forí jì mí, mò ń bínú pé Lásísì ló padà.