Òòfà Inú Sípíkà Wa

Bàbá mi, tí mo ṣì ń kí kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù,

Ṣé ẹ sùn dáadáa níbẹ̀? Èmi kò sùn. Ẹ mọ̀ mí: bí ẹ bá pẹ́ dé láti mọ́sálásí nígbà ayé yín, ojú ọ̀nà ni mo máa ń lọ dúró sí.

Ọ̀rọ̀ Sáfù ni, àbíkẹ́yìn mi, tí ẹ máa ń fi etí aṣọ yín nu itọ́ ẹnu rẹ̀ bí wárápá bá fi í sílẹ̀, nígbà tí àwọn ará ilé ń sá. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan sí abẹ́ awọ àyà rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé. Wáyà rẹ̀ gba ọrùn, ó so mọ́ iṣan tó lọ sínú ọpọlọ, ó sì ń ta iṣan náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí wárápá má baà dé. Kò wò ó tán, ṣùgbọ́n ó ti dín kù gan-an. Àmọ́ bí òòfà ńlá bá dúró tì í, ẹ̀rọ náà á dákẹ́.

Bàbá, kí ló kún ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi ní ọjà Hédzranawoé? Sípíkà àlòkù, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Èwo ni kò ní òòfà nídìí nínú wọn?

Mo ní kó má wá mọ́. Ó wá lánàá. Oníbàárà kan yan sípíkà kan, Sáfù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà bó ṣe máa ń ṣe. Mo pariwo títí gbogbo ọjà fi yíjú.

“Gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ pa ara ẹ ni?”

Ó gbé e sílẹ̀. “Papa, torí kí n lè ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe là mí láyà. Ṣé ẹ̀rọ yìí lẹ ń tọ́jú ni, àbí èmi?”

Ìyá tó ń ta àga àti kọ́bọ́ọ̀dù níwájú wa bú sẹ́rìn-ín. “Papa Sáfù, ẹ wá ra kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, kẹ́ ẹ tì í mọ́nú ẹ̀!”

Oníbàárà fi ọjà sílẹ̀ lọ. N kò rẹ́rìn-ín. Mo pe dókítà. Ó ní kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó má ṣáà gbé sípíkà mọ́ àyà. Mo tún pè é: bó bá gbàgbé ńkọ́? Ó ní Sáfù kì í ṣe ọmọdé.

Kí lẹ̀ bá ṣe, Bàbá? Báwo lẹ ṣe ń nu itọ́ yẹn tí ọwọ́ yín kì í gbọ̀n?

Oníbàárà náà padà wá láàárọ̀ yìí. Sáfù ká òṣùká, ó ní kí ọkùnrin náà bá òun gbé sípíkà rù. Orí ló gbé e lé! Mo mọ̀ pé àyà ni ẹ̀rọ wà, síbẹ̀ mo sáré tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó bọ́ sójú títì láàárín àwọn alùpùpù. Orúkọ rẹ̀ ti dé ètè mi. Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. N kò pè é.

Kò tíì padà dé bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹ bá mi máa wò ó.

Èmi ọmọ yín, tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀, tí àárò yín sì ń sọ.