Mápó Tó Dorí Kodò Lára Aṣọ Mi

Agbo Ilé Aláró,
Bẹ́yẹrunkà, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 1998.

Màmúdù, Àjàdí mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé Èkó ò fi ojú pọ́n ọ? Àwa ńlé ń bẹ, Ọlọ́run ló ṣe é. Kò ní jẹ́ kí iná kọ̀ǹpútà bà ọ́ lójú jẹ́, àmín.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Níbi tí o ti ní o mú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ọkùnrin kan ní Nọ́wè nílùú òyìnbó, o rí àbùkù nínú rẹ̀, o tún un ṣe, o sì dá a padà fún un, mo ṣe bí olè lo jà, mo ti ń wá ìborùn tí n óò fi wá bẹ ọlọ́pàá l'Ékòó. Àfi ìgbà tí mo kà á dé ìsàlẹ̀ tí mo rí i pé ọkùnrin náà dúpẹ́, ó tún kọ orúkọ rẹ sábẹ́ tiẹ̀! Mo bú sẹ́rìn-ín, mo jó yí ìkòkò aró ká. O ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ náà ló sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni lè mú un lò lọ́fẹ̀ẹ́, ó lè tún un ṣe, kó ṣáà má pa orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é rẹ́. Sàráà gidi nìyẹn. Ṣé ọkùnrin náà ní ìyá? Bá mi kí i. O tún ní inú wáyà tẹlifóònù ni àtúnṣe rẹ gbà lọ; òjò ti bẹ̀rẹ̀ o, máa fi ọ̀rá wé e dáadáa.

Ìwé yìí ló mú mi rántí Sìdí Ọ̀rányàn, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí a ò bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. O mọ ọnà gbọ̀ngàn Mápó tí mo máa ń fi ìyẹ́ adìẹ ya sára àdìrẹ. Apá méjì là ń rán pọ̀ di ìró, ṣùgbọ́n tí mo bá ti rán tèmi pọ̀, Mápó tòkè á nàró, tìsàlẹ̀ á dorí kodò. Sìdí mú ọnà náà, ó tún un ya, Mápó méjèèjì nàró, àwọn oníbàárà rọ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Mo pè é lólè lójú ayé l'Ọ́jà'ba. Ó sunkún lọ sílé.

Mo ní mo ti rí ohun tí n óò fi mú un wàyí. Mo lọ bá akọ̀wé tó ń tẹ̀wé lẹ́bàá Mápó, ó tẹ ìwé àṣẹ tèmi, mo ní kó lẹ fọ́tò mi mọ́ ọn, nítorí ìwé àṣẹ wo ni kì í ní fọ́tò? Mo gbé e lọ sílé Sìdí ní Ọ̀rányàn, mo kà á sétí gbogbo agbo ilé pé kí Sìdí máa ya ọnà náà lọ, ṣùgbọ́n kó máa kọ ọ́ sétí aṣọ pé Kúlúsúmù ló ni ín. Sìdí ò jà. Ó ní òun gbà, ìjà ti sú òun, àárò mi ló ń sọ òun. Ó wá rọra bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ọnà náà.

Ìyá Sìdí ni! Wọ́n fi ìyẹ́ lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, wọn ò gba kọ́bọ̀. Ogójì ọdún ni mo ti ń ta iṣẹ́ wọn, n ò dárúkọ wọn rí. Olè tí mo ń wá, èmi ni. Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀, ni Sìdí bá bú sẹ́rìn-ín, lèmi náà bá bú sẹ́rìn-ín, àfi bí ìborùn ṣe bọ́ lórí àwa méjèèjì.

A ti jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Jọ̀ọ́, fi owó aṣọ funfun àti ẹ̀lú ránṣẹ́, kó pọ̀ díẹ̀, ìwé rẹ ló kúkú fà á. Mo di aṣọ kan mọ́ lẹ́tà yìí. Wo etí rẹ̀, ohun tí a kọ síbẹ̀ nìyí: Àtọ́kẹ́ ìyá Sìdí ló dá a, Kúlúsúmù ló dà á dorí kodò, Sìdí ló gbé e nàró.

Orúkọ tìrẹ náà ò ní parẹ́, Àjàdí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Kúlúsúmù.