Àlọ́ Tí O Pa Lọ́sàn-án Gangan

Igbó-Ọrà,
Ọjọ́ Ajé, oṣù kọkànlá, 1977.

Àkànní ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àtijọ́. Iṣẹ́ ńkọ́? Ara ńkọ́? Ṣé o ń rí oúnjẹ gidi jẹ ní Èkó yẹn? Ọlọ́run tó ṣọ́ ọ láti ìkókó kò ní fi ọ́ sílẹ̀ lójú títì. Àwa náà wà, bí a bá lè pe èyí ní wíwà. Ẹ̀gúsí ọdún yìí kò ṣe dáadáa, ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Tísà Japheth tó ń gbé ọ̀ọ́kán ilé wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ sinimá rẹ ló gbé mi dé ìdí ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mọ́tò àwọn onísinimá dé, wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ilé ìwé, Tísà sì ka orúkọ rẹ lára páálí tí wọ́n gbé káàkiri, pé Adérógbà ọmọ mi ló ṣe é. Inú mi dùn, mo wẹ̀, mo pe Mùínàt aládùúgbò wa, a jọ lọ. Wọ́n gba ogún kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo ní èmi ni ìyá ẹni tó ṣe é, ọkùnrin ẹnu ọ̀nà sì fèsì pé ìyá márùn-ún ti sọ bẹ́ẹ̀ fún òun ní ìlú Tápà tí àwọn ti ń bọ̀.

Àṣé àlọ́ mi ni. Àlọ́ ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tó bá àwọn onísòwò lọ sí ìlú òkèèrè tó sì gbàgbé ilé, tí ìyá ń jókòó sẹ́yìn odi ní ìrọ̀lẹ́ tó ń kọrin pé, “Ọmọ mi dà o?” tí ẹ̀yin ọmọdé máa ń gbè é pé, “Ó ń bọ̀ lọ́nà.” Nígbà tí ìyá inú aṣọ yẹn kọ ọ́, gbogbo wa ní pápá la gbè é, ṣùgbọ́n kò dúró dè wá, ó ti bá tirẹ̀ lọ. Ta ló ń pa àlọ́ tí kì í dúró gba ègbè?

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Oòrùn ta nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wo òjìji obìnrin yẹn, abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ló wà, ọ̀sán gangan ni. O sì mọ̀ pé ẹni tó bá pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni yóò kú. Tísà ní alẹ́ ni wọ́n fi hàn wá, pé kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Mo bi í bóyá oòrùn ta tàbí kò ta, ó ní ó ta, mo ní kó kọ ìyẹn náà síbí.

Láti ọjọ́ náà ni ara mi kò ti yá. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé Ayété ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi hàn ní Ìgangan, ẹsẹ̀ òsì mi wú, n kò lè dé oko. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ta aṣọ yẹn lo tún ń pa á lọ́sàn-án, Mùínàt sì gbọ́ pé wọ́n ń gbé e lọ sí Èrúwà kí oṣù yìí tó parí. Mo bẹ̀ ọ́, sọ fún wọn kí wọ́n fo Èrúwà. Èrúwà tóbi. N kò rò pé n ó là á já.

O sì tún yí ìparí rẹ̀ padà. Nínú tèmi, lọ́dún kẹta orin wọ ọmọ létí, ó padà wá bá ìyá rẹ̀ lẹ́yìn odi. Nínú tìrẹ, ó gbé mọ́tò ńlá dé, ó fi awò dúdú bojú, wọ́n ti sin ìyá, ó wá pa màlúù, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Mùínàt ń sunkún, ó ń wojú mi. Ọdún kẹfà rèé tí o ti wá sílé kẹ́yìn, n kò mọ̀ bóyá àlọ́ lo pa àbí ètò ìsìnkú mi lò ń ṣe. Bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ló mọ ibi tí yóò wó sí. Èyí ń wó bọ̀ lórí mi.

Ṣé o rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo ń bó ẹ̀gẹ́, tí o ní dandan kí n pàlọ́ fún ọ? Mo sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ìyá fún ọ, mo wá fi ṣeré pé n ó bẹ̀rẹ̀ ná, o sunkún pé ìyá mi yóò kú, o sì fi ọwọ́ méjèèjì bò mí lẹ́nu. Ọwọ́ kékeré yẹn rùn fún epo. Ìwọ yẹn náà lo wá pa á lọ́sàn-án fún gbogbo Ìbàràpá. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, n kò ní purọ́ fún ọ.

Fi náírà márùn-ún ránṣẹ́ sí mi. Kì í ṣe fún oògùn o, kẹrosíìnì ni mo fẹ́ rà, nítorí alẹ́ ni mo fẹ́ kí o dé. Ohun tí o bà jẹ́ lọ́sàn-án, alẹ́ la ó fi tún un ṣe, èmi á pa àlọ́ náà fún ọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìwọ á sì gbè é. Bí o bá dé, má kan ilẹ̀kùn. Dúró lójúde kí o kọ ọ́ pé, “Ìyá mi dà o?” Bí o bá gbọ́ “Ó ń bẹ nílé,” máa wọlé, Èrúwà kò tíì pa mí.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ọmọ tìrẹ náà kò ní jìnnà sí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ, Salome, tó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ Ajé tí a kọ lẹ́tà yìí.