Kílọ́ọ̀ṣì Tí Kò Jò

Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́,
Ọjọ́ Àìkú.

Mubaraq ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Mo lérò pé ara rẹ le, mo sì lérò pé ọjà ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀. Ara tèmi kò burú. Ìyá rẹ ti kú. Jímọ̀ tó kọjá ni, wọ́n sì ti sin ín.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí Àmọ̀kẹ́ ìyá rẹ fi wà lórí ìdùbúlẹ̀, ojú rẹ nìkan ló fẹ́ rí. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́, ohun kan náà lò ń wí: "Bàbá, kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì yẹn ń jò, ó tún ń yọ̀, kò lè gbé mi dé Ọ̀yọ́. Kí ni mo lè ṣe sí i?" Máṣíìnì tí mo ti ń gùn kí n tó fẹ́ ìyá rẹ, tí mo fà lé ọ lọ́wọ́. Bíi pé ọkọ̀ èrò kì í ná Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́ láti ìdájí.

O bi mí léèrè, mẹkáníìkì ni mí, n ó dá ọ lóhùn. Má da ọ́ìlì mọ́tò sí i, ìyẹn ló ń jẹ́ kí péléètì inú rẹ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà, máa yọ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì, bébà tó ń dí etí ìdérí rẹ̀, tí o bá ti tú, má dá a padà, gé tuntun. Bí rọ́bà síìlì bá ti gan, pààrọ̀ rẹ̀ kó tó ya. Bí o bá ń de ìdérí rẹ̀, máa de bóòtù tó kọjú síra wọn ní méjì méjì, díẹ̀díẹ̀. Wáyà rẹ̀, má fà á le jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ péléètì á jóná.

Láàárọ̀ Jímọ̀, Àmọ̀kẹ́ ní, "Bàbá Mubaraq, ẹ lọ bá a tún un ṣe, kó lè wá." Mo fi fóònù mi sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, bóyá wàá pè, mo kó sípánà sápò, mo wọkọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. N kò bá ọ nílé. Máṣíìnì wà lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀, eruku bò ó. Mo tú kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ìta rẹ̀ gbẹ táútáú, síìlì rọ̀, péléètì pé. Kò sóhun tó ń jò, kò sóhun tó ń yọ̀. Ìwọ lo yọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo dè é padà bó ṣe yẹ, nítorí máṣíìnì kò ṣẹ̀ mí.

Kí n tó padà dé, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Ààfáà ní òkú kì í dúró, wọn kò sì rí mi pè. Ogójì ọdún ni mo fi bá a gbé, ìdí kílọ́ọ̀ṣì ni mo wà nígbà tó ń lọ. N kò ní dárí jì ọ́, n kò sì ní dárí ji ara mi.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn. Kó fún ọ lọ́mọ tí yóò ṣe fún ọ bí o ti ṣe fún ìyá rẹ, lọ́jọ́ tí o bá ń pè é. Kí ọjà rẹ máa tà.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Gàfárù.

Àfikún: Má wá síbi àdúrà ogójì ọjọ́. Àwọn ará àdúgbò bi mí pé kí ló dé tí wọn kò rí ọ, mo ní kílọ́ọ̀ṣì rẹ ló bàjẹ́. Wọ́n gbà mí gbọ́. Má wá sọ mí di òpùrọ́.