Kápúsù Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ọ

                                        22, Heron Walk,
                                        Thamesmead,
                                        London.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta, 2025.

Kàfí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni ara? Bàbá Máyọ̀wá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Máyọ̀wá fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti padà sí iléèwé? A wà níbí. Òtútù ò tíì lọ, iṣẹ́ ò sì dín kù.

Kí o tó ka ìyókù, jọ̀wọ́, má lo kápúsù àtalẹ̀ pupa yẹn mọ́. Kódà ẹyọ kan.

Sìdí àbúrò rẹ ló pè mí lọ́jọ́ Àìkú pé ẹyinjú rẹ ti di yẹ́lò, ìtọ̀ rẹ sì dúdú bíi tíì. Ó ní o sọ pé ibà pọ́njú lásán ni, o sì ti ń lo kápúsù náà ní méjì-méjì kó lè fọ ara rẹ mọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ṣe nọ́ọ̀sì. Mi ò lè jókòó.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí láíbìrì yunifásítì tí mo ti ń kàwé. Wọ́n ní ojúewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ti ń ka ìwádìí àwọn dókítà káàkiri ayé. Natasha, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ló ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀. Mo ní mo ti wá nǹkan yìí níbẹ̀ rí, lọ́dún méjì sẹ́yìn, kí n tó fi igo àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọ, ire nìkan ni mo sì rí. Ó bi mí pé kí ni mo tẹ̀. Mo ní orúkọ rẹ̀ àti “benefits”.

“Auntie, ohun tẹ́ ẹ bi í ló dá yín lóhùn. Ẹ yọ benefits, ẹ fi liver sí i.”

Kàfí, àwọn ìwé náà ti wà níbẹ̀ látìgbà yẹn. Kì í ṣe èyí tí a ń fi se oúnjẹ, èyí tí wọ́n fún pọ̀ sínú kápúsù ni. Ó ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn gbádùn nígbà tí wọ́n dá a dúró. Kì í ṣe gbogbo wọn. Mi ò ní fi ìyẹn pa mọ́ fún ọ.

Mo lọ bá Francis tó ń tà á ní Powis Street. Ẹ̀rín ló ń rín. “Auntie Fẹ̀hìn, àtalẹ̀ lásánlàsàn! Gbogbo Thamesmead ló ń lò ó. Ẹ dárúkọ ẹnì kan tó kú.” Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lẹ́nu. Mi ò jẹ́ kó jáde.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́ lánàá. O ní kí n má dààmú, èmi náà ni mo ṣe ìwádìí rẹ̀, ìwádìí mi lo sì gbà gbọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn. Mo ti tẹ àwọn ìwé ìwádìí náà sórí bébà; mú wọn lọ fún dókítà, mú igo náà dání, ní kí wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ rẹ wò. Má sọ pé ibà ni.

Bá mi kí màmá, kí o sì kí Sìdí tó pè mí. Bíyìí tó máa ń bá mi gbé ẹrù wá fún ọ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ wálé l'Ọ́jọ́bọ̀. Nínú báàgì rẹ̀, láàárín aṣọ Máyọ̀wá, níbi tí o ti máa ń bá igo, ìwé mẹ́rìnlá lo máa bá. Má wá igo.

Èmi tí mo fi í ránṣẹ́ sí ọ,
Fẹ̀hìntọlá.