Aṣọ Tí Mo Rán fún Àkúdàáyà

                                        Yàrá Ìránṣọ, Àjà Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Tẹlifíṣọ̀n.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Olójo tèmi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le koko, ẹnu mi nìkan ni kò sinmi láti ọjọ́ Ẹtì. Jókòó dáadáa, torí mo fẹ́ fọ́nnu, kò sì sẹ́ni tó lè dá mi dúró.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń rán aṣọ fún àwọn òṣèré níbí. Eré tuntun tí a ń ṣe dá lórí àkúdàáyà, obìnrin kan tó kú ní ìlú rẹ̀, tó tún lọ ń gbé ayé ní ìlú mìíràn. Olùdarí wa, tí a ń pè ní Ọ̀gá Kíákíá torí kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn, ní kí n rán aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀ fún obìnrin náà, kí ó máa wọ́ nílẹ̀. Wọ́n á fi àtíkè kun ojú rẹ̀, wọ́n á sì fi eyín gígùn sí i lẹ́nu. Mo ní háà! Àkúdàáyà wo ló ń polongo ara rẹ̀ kiri báyẹn?

Ìtàn olóògbé ìyá wa àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn, Ìyá Apàlọ́ gbogbo àdúgbò. Ìwọ kì í kúkú jẹ́ kí wọ́n parí rẹ̀, wàá ti kó sábẹ́ aṣọ wọn. Aránṣọ ni obìnrin inú ìtàn yẹn. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó ń kí aládùúgbò káàárọ̀. Kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Òun gan-an ni ẹ̀rù ń bà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rí má lọ wọlé. Ọjọ́ kan ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé ṣòkòtò tó ya wá, ó rí i, ó pè é lórúkọ. Obìnrin náà ní kí ó jókòó, kí òun bu omi wá fún un. Ó wọ yàrá lọ, kò jáde mọ́. Abẹ́rẹ́ ṣì wà lára ṣòkòtò. Ibẹ̀ ni ìyá wa máa ń dákẹ́ sí, tí wọ́n á máa wo ilẹ̀kùn.

Mi ò rán aṣọ funfun kankan. Kaba búlúù tí èèyàn lè wọ̀ ṣiṣẹ́ ni mo rán, mo fi ṣòkòtò kan tì í, abẹ́rẹ́ lára rẹ̀. Inú bí Ọ̀gá Kíákíá, ó ní tí mi ò bá lè rán ohun tí òun ní kí n rán, aránṣọ pọ̀ níta bí eṣú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yìí gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá panu mọ́, eléyín gígùn ni àwọn ọmọ wa máa mọ̀, ìtàn Ìyá Apàlọ́ á sì kú mọ́ wa lẹ́nu. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bínú tán, kí ẹ wá jókòó gbọ́ ìtàn kan." Mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi omi, mo dákẹ́, mo wo ilẹ̀kùn. Gbogbo yàrá ló yíjú síbẹ̀! Ẹni tó ń tan iná fún wa, géńdé ọkùnrin, lọ ṣí i wò. Ọ̀gá Kíákíá bi mí pé ta ló sọ ọ́ fún mi. Mo dá a lóhùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an la máa ṣe é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, wọ́n kó gbogbo wa jọ láti wo apá àkọ́kọ́. Òṣèré wọ kaba mi, ó ní òun ń lọ bu omi, akọ̀wé àgbà wa tí kì í rẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Lẹ́yìn náà ni orúkọ àwa òṣìṣẹ́ ń gòkè. Mo rí tèmi. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: "Ìtàn láti ẹnu Ìyá Apàlọ́." Àbúrò mi, orí mi wú! Ìyá wa tí kò mọ̀wé kà! Bí iná bá kú, a feérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Èmi nìyí, ìwọ náà nìyẹn.

Bá mi kí ìyàwó, kó o sì gbé àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Aago mẹ́rin ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Má fi aṣọ bojú lọ́tẹ̀ yìí o, àgbàlagbà ni ọ́.

Nǹkan kan péré ni mo bẹ̀ ọ́. Tí orúkọ ìyá wa bá jáde, má pariwo pè wọ́n. Èmi náà fẹ́ kígbe, mo fọwọ́ bo ẹnu. Mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń fọ́nnu,
                                        Alábẹ́rẹ́.