Ìyàwó Ọlọ́pẹ Nílé Alákùkọ

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kọkànlá, 1959

Gbogbo ilé ti di àkùkọ, àmì ẹgbẹ́ òṣèlú tí ilé ọkọ mi fẹ́ dìbò fún. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn, títí kan ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Èmi Louisa, ọmọ àdúgbò Ọ̀rányàn tó wá fẹ́ ọkọ sí Àrẹ̀mọ, n'Ìbàdàn kan náà, èmi nìkan ni mo fẹ́ràn ọ̀pẹ, àmì ẹgbẹ́ kejì, nínú agboolé yìí. Ọ̀pẹ ló mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá. Tísà ni mí, mo rí àwọn ọmọ tó tìtorí rẹ̀ wọ kíláàsì mi. Akọ̀wé mi, Hezekiah ọkọ mi, ní òun náà fẹ́ràn ọ̀pẹ, ṣùgbọ́n inú ikùn lòun ń fẹ́ ẹ sí. Ojo! Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣá.

Ọjọ́ Àìkú, 29

Baba Onínúure pe gbogbo wa jọ. Mọ́gàjí ilé wa ni. Ìyàwó kì í pe àgbà ilé ọkọ lórúkọ, èmi ni mo fún un ní orúkọ yẹn lọ́jọ́ tí mo wọlé. Oríyìn kọ́, ẹ̀bẹ̀ ni. (Inú ìwé yìí nìkan náà ni mo ti lè máa sọ pé “ó” fún un. Bó bá gbọ́, mo gbé.) Ó ní ibi tí ilé bá kọjú sí ni ọmọ ilé ń kọjú sí. Ẹni tó bá kẹ̀yìn sílé, kó má retí ẹnikẹ́ni níbi ìkómọ rẹ̀. Kò wo ojú mi o. Ikùn mi ló wò.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kejìlá

Mo kí àwọn obìnrin ilé lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Màmá mi ò sí láyé mọ́. Àwọn wọ̀nyí ni mo ní. Bí wọn ò bá wá, ta ni yóò bá mi kó ọmọ jáde? Mo sunkún lónìí.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ọmọ ń sọ nínú mi ṣáá. Àfi bí ẹni pé òun náà fẹ́ dìbò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Òní ni ọjọ́ ìbò.

Ìyáálé, àgbà gbogbo ìyàwó agboolé, kó wa lọ dìbò. Bí a ṣe wọlé ọkọ la ṣe tò — òun níwájú, èmi lẹ́yìn pátápátá. Àwọn ọkùnrin ilé ti dìbò láàárọ̀, wọ́n ti lọ. Akọ̀wé mi ń ṣiṣẹ́ ìbò tirẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Kíláàkì tó jókòó níbi ìdìbò tiwa, kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. Ó bi Ìyáálé pé ilé ta ni. Ìyáálé ní ilé Olówó-Ayé. Ó bi ẹnì kejì, ìyẹn ní ilé Baba Arẹwà. Ẹnì kẹta ní ilé Adúmáadán. Orúkọ tí kálukú wọn fún Baba ni wọ́n ń kà sílẹ̀! Kíláàkì yẹ ìwé rẹ̀ wò, kò rí Adúmáadán kankan.

Ajẹ́ńtì àkùkọ, aṣojú ẹgbẹ́ wọn níbẹ̀, fẹ́ là á yé e. Kíláàkì ní kó panu mọ́, ẹnu olùdìbò lòun ti fẹ́ gbọ́ ọ. Ni ajẹ́ńtì ọ̀pẹ bá fò dìde — Bùrọ̀dá Olúdayọ̀, tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní wọn kì í ṣe ará ibí, kí wọ́n máa lọ. Ó ṣẹ́jú sí mi. Ó yé mi dáadáa: bí mo bá dákẹ́, ìbò àkùkọ rẹpẹtẹ ti bọ́ sómi nìyẹn.

Mo wo Ìyáálé. Kò dìbò rí láyé rẹ̀. Ó ti lé tìróò, ó ti wé gèlè tó dáa jù. Omi dà pọ̀ mọ́ tìróò lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ pe orúkọ yẹn. Inú bí mi, n ò mọ ẹni tí mo ń bínú sí. Mo bá lanu: “Sàláúdéènì lorúkọ Baba. Ilé Sàláúdéènì ni gbogbo wa.”

Yéè! Àwọn obìnrin fọwọ́ bo etí. Ṣùgbọ́n kíláàkì rí i nínú ìwé. Wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyáálé kúnlẹ̀ kí àpótí kó tó sọ ìwé sínú rẹ̀ — a rí orúnkún rẹ̀ lábẹ́ aṣọ tí wọ́n ta bo ibi àpótí.

Èmi ni mo wọlé kẹ́yìn. Ọ̀pẹ ni mo dìbò fún. N ò kábàámọ̀. Bùrọ̀dá Olúdayọ̀ ò wo ibi tí mo wà mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Wọ́n ti sọ fún Baba. Kò ránṣẹ́ pè mí.

Ọjọ́bọ̀, 17

Ọkùnrin! Ìyáálé ló gbẹ̀bí mi. N ò pè é — igbe mi ló gbọ́, ó fẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó wẹ ọmọ, ó ń sọ fún un pé aláìgbọràn ni ìyá rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá Baba yóò wá síbi ìkómọ. Ó ní Ọlọ́run nìkan ló mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 24

Àgbàlá kún. Àwọn obìnrin ilé wá. Bùrọ̀dá Olúdayọ̀ pàápàá bá àwọn akọrin wá, ó ń yọjú bí ẹni jẹ gbèsè. Àlùfáà ìjọ wa sọ ọmọ ní Ọmọ́tọ́lá. Àga Baba ṣófo. Akọ̀wé mi ò lè wo àga yẹn, èmi ò lè wo nǹkan mìíràn.

Ni Baba bá yọ. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ṣé bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ṣe ń ṣe nìyẹn? Ó ní wọ́n sọ fóun pé mo pe orúkọ òun ní gbangba. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Baba.” Ó ní wọ́n tún sọ pé ọ̀pẹ ni mo dìbò fún. Ó ní òun ti ń bá ìṣèlú bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, òun ò tíì rí ọlọ́pẹ tó ṣílẹ̀kùn fún alákùkọ rí. Ó ju owó sínú abọ́ omi ìkómọ, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Ìyáálé. Ó ní Sàláúdéènì ni tòun fún ọmọ yìí. Kí ìyá rẹ̀ máa pè é láàárọ̀, kó máa pè é lálẹ́.

Ojú àlùfáà le díẹ̀. Akọ̀wé mi ń sunkún láàárín èrò. Kì í ṣe ojo mọ́, àbí inú mi ló dùn jù láti bú u.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ké. Mo fẹ́ fi orúkọ yẹn rẹ̀ ẹ́, ẹnu mi wúwo. Mo gbìyànjú, mo pè é kíkankíkan: Sàláúdéènì!

Baba jẹ́ “hòoo” láti inú yàrá rẹ̀.